Ẹ̀bùn Tí Bàbá Onígíláàsì Fẹ́ Fi Sílẹ̀ fún Yunifásítì

Bàbá Onígíláàsì jókòó sí ìdí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó ń fi aṣọ rírọ̀ nu awò ojú oníbàárà kan. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Bí apá awò rẹ bá ṣẹ́, tàbí tí ó ń yọ̀ bọ́ lórí imú rẹ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa darí rẹ sí. Òun alára, ó lè wá awò tirẹ̀ káàkiri ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ó wà lójú rẹ̀.

Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, tí ó jẹ́ tíṣà, wọlé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Bàbá ló ránṣẹ́ pè wọ́n. Ó na bébà kan sí wọn.

"Ìwé ìhágún mi nìyí. Ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí."

Ọmọ náà kà á. Bàbá fi ilé sílẹ̀ fún òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù yìí, ó ní kí wọ́n tà á, kí wọ́n sì kó owó rẹ̀ fún yunifásítì. Ojú rẹ̀ fà ro.

"Bàbá, ṣé a ṣẹ̀ yín ni?"

"Rárá o, ọmọ mi."

"Kí ló wá dé tí ẹ fẹ́ kó iṣẹ́ ọwọ́ yín fún àwọn tí ẹ ò mọ̀ rí?"

Bàbá gbé awò náà kalẹ̀.

"Mo mọ̀ wọ́n. Nígbà tí ojú ìyá rẹ ń ṣú, ilé ìwòsàn ojú ti yunifásítì ni mo máa ń mú un lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà níbẹ̀, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí. Ọjọ́ tí dókítà sọ pé ojú náà ò ní ríran mọ́, gbogbo wọn jáde, ọmọ yẹn ò jáde. Ó bá ìyá rẹ jókòó títí ó fi sunkún tán. Ó wá kọjú sí mi, ó ní, 'Bàbá, láti òní lọ, ẹ̀yin lẹ máa máa bá wọn wo nǹkan. Bí ẹ bá ṣe rí i, ẹ sọ ọ́ fún wọn.'"

Ó tún mú awò náà, ó ń nù ún.

"Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo máa ń sọ fún un bí ojú ọ̀run ṣe rí. Mo sọ fún un ọjọ́ tí ọmọ rẹ kọ́kọ́ hu eyín. Ìyá rẹ ò ṣíwọ́ ẹ̀rín nínú ilé yẹn títí ó fi lọ. Mi ò mọ ibi tí ọmọbìnrin náà wà lónìí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí irú rẹ̀ rí ìwé kà."

Omi lé sójú ọmọ rẹ̀. Ó ti rò látẹ̀yìnwá pé bàbá òun kàn fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ ni, tó fi ń ròyìn gbogbo nǹkan fún ìyá òun.

"Ẹ mú bíró wá," ni ó wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná!"

Agbẹjọ́rò kan ló sọ bẹ́ẹ̀, ìyáàfin tí ó wá gba awò rẹ̀. Ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò fẹ́ já lu ọ̀rọ̀ wọn.

"Ẹ má bínú pé mo dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí. Ẹni tí ó bá máa jogún kò gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, ọkọ tàbí aya rẹ̀ náà kò gbọdọ̀ ṣe é. Ilé tí Bàbá fi sílẹ̀ fún yín lè bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ báyẹn."

Ọkọ ọmọ náà sọ bíró sílẹ̀ bí ẹni tí iná jó lọ́wọ́.

"Yunifásítì wo sì ni, Bàbá?" Agbẹjọ́rò tún béèrè. "Ó ju ẹyọ kan lọ. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, kí ẹ kọ ẹ̀ka ìtọ́jú ojú sí i. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n lè lò ó bí ẹ ṣe fẹ́. Kí ẹ sì yan ẹni tí ẹ fọkàn tán tí yóò mú ìfẹ́ yín ṣẹ."

"Ṣé dandan ni kí ó jẹ́ gbogbo ṣọ́ọ̀bù?" ni Bàbá béèrè. Ó ń wo ojú ọmọ rẹ̀.

"Rárá o. Ẹ lè fún wọn ní ìdá díẹ̀ nínú ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ti àwọn ọmọ. Bí ọkàn yín bá sì yí padà, ẹ lè tún ìwé náà kọ."

"Ẹ fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù náà, Bàbá," ni ọmọ rẹ̀ wí. "Èmi ni màá bá àbúrò mi sọ ọ́. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín: ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi orúkọ màámi pe ẹ̀bùn náà."

Bàbá di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

Àbúrò kùn díẹ̀. Nígbà tí ó gbọ́ ìdí rẹ̀, ó gbà. Ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ni Bàbá ti buwọ́ lu ìwé tuntun, lójú aládùúgbò méjì tí wọn kò ní ohunkóhun gbà nínú rẹ̀, àwọn náà sì buwọ́ lù ú lójú rẹ̀.

Nígbà tí Bàbá wá sùn lọ jẹ́ẹ́ ní ọjọ́ ogbó, ìjà kankan ò ṣẹlẹ̀. Yunifásítì pe ọmọ rẹ̀ wá wo akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ̀bùn náà rán lọ sí ilé ìwé. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ ìyá rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn, ó sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin òbí wa, bí ó bá wù yín láti fi nǹkan sílẹ̀ fún yunifásítì kan, ẹ ro ti àwọn ará ilé yín mọ́ ọn, kí ẹ sì lọ rí agbẹjọ́rò, nítorí òfin ibì kan lè yàtọ̀ sí ti ibòmíràn. Ẹ má fi í sínú, ẹ má sì fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ẹ ṣe é nígbà tí ẹ ṣì lè sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn ọmọ yín.