Ìpè Yín Kò Ní Bọ́

Ẹni tó sunkún jù lọ ló pa á. Mo mọ̀ pé ẹ ti fura bẹ́ẹ̀, nítorí náà n kò ní fi falẹ̀. Làtífù, àfẹ́sọ́nà olóògbé, ni. Ohun tó kù ni bí ọ̀gá wa ṣe mọ̀, àti ohun tí ọ̀gá wa kò mọ̀.

Nàfísàt ló kú. Ó ń tún fóònù ṣe ní Iyana-Iba, nínú ilé onísọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí géètì yunifásítì. Ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n rí i ní yàrá ẹ̀yìn rẹ̀. Yàrá náà kò ní fèrèsé. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn onírin rẹ̀ láti ìta pẹ̀lú àgádágodo. Jẹnẹrétọ̀ kan ń ké lẹ́nu ọ̀nà, ẹnu ibi tó ń tú èéfín sì kọjú sí àlàfo abẹ́ ilẹ̀kùn gan-an.

Wọ́n bá a ní ìdojúbolẹ̀, imú rẹ̀ lẹ́bàá àlàfo náà, ibi tó rò pé afẹ́fẹ́ máa gbà wọlé. Fóònù tirẹ̀ kò sí níbẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ ti oníbàárà, wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn lẹ́yìn: MAIMUNAT. KÌ Í GBA INÁ.

Ọ̀gá Ṣọlágbadé dé pẹ̀lú fóònù létí. Kì í dé ibikíbi láìsí i. Sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun ni olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé náà. Sítíkà rẹ̀ wà lẹ́yìn gbogbo ilẹ̀kùn, àwòrán rẹ̀ nìyẹn, nọ́ńbà rẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó fi odindi ọ̀sẹ̀ kan ronú kàn: WÀHÁLÀ DÉ? Ẹ PE ṢỌLÁGBADÉ. ÌPÈ YÍN KÒ NÍ BỌ́.

Ní agogo mẹ́rin ọjọ́ yẹn kan náà, ilé iṣẹ́ rédíò kan ti pè é sórí ètò. Ó lo ogún ìṣẹ́jú. Ó ṣàlàyé fún gbogbo ayé bí òun ṣe máa ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, tí òun á fi ẹnì kejì sí hóòdù, tí ẹnì kẹta á sì máa dúró de tirẹ̀. Ìpè kan tiẹ̀ wọlé, ó fi í sí hóòdù kí wọ́n gbọ́. “Ọpọlọ ni,” ó ní. “Kì í ṣe fóònù.”

Alága àwọn onísọ́ọ̀bù kò ṣe àsọjù. Ó ní ìpàdé ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Bí Ṣọlágbadé kò bá tíì mú ẹni tó pa ọmọ náà nígbà yẹn, kó bọ́ yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ sílẹ̀ kó máa lọ.

Ṣọlágbadé gba fóònù ọwọ́ òkú náà, ó tẹ̀ ẹ́, kò tàn. Ó sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀.

Àkànmú ni wọ́n kọ́kọ́ mú, ẹni tó ń tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ti gbá a létí lẹ́ẹ̀mẹrin kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní nǹkan.

“Jẹnẹrétọ̀ ta nìyí?”

“Tèmi ni, sà.”

“Àgádágodo ńkọ́?”

“Tèmi náà ni. Mo fi kọ́ ẹnu ilẹ̀kùn mi, mi ò tì í. Mo lọ ra íńkì l'Ókokomaiko.”

“Ta ló rí ẹ níbẹ̀?”

“Wọn ò ní íńkì, sà. Ta ló máa rántí ẹni tí kò ra nǹkan?”

Wọ́n tún gbá a létí. Gbogbo ilé mọ̀ pé òun àti Nàfísàt ti jà lórí èéfín jẹnẹrétọ̀ náà lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Làtífù ń yí nílẹ̀ ní tirẹ̀. Ẹni méjì ló ń dì í mú. Ó ń ta fóònù ní Alaba, ó sì wọ bàtà tó tàn ju gíláàsì ọjà rẹ̀ lọ. Kí wọ́n tó bi í, ó ti na fóònù rẹ̀ sí Ṣọlágbadé. Ìpè kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ láti agogo mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án títí di agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó ní Tàwàkálítù, ẹ̀gbọ́n olóògbé, lòun pè.

“Alaba ni mo wà, sà. Ọjọ́ yìgì là ń mú.”

Ṣọlágbadé gbà á gbọ́. Ó bọ̀wọ̀ fún fóònù ju ènìyàn lọ.

Lọ́jọ́rú, ó lọ sí Iba lọ bá Tàwàkálítù, tó ń dirun. Ọwọ́ obìnrin náà kò dúró bó ti ń sunkún. Ó ní òótọ́ ni, Làtífù pe òun.

“Ẹ jọ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n?”

“Rárá o, sà. Ó ní oníbàárà kan ń pè wọlé, ó fi mí sí hóòdù. Obìnrin inú fóònù yẹn ní kí n mú sùúrù. Mo fi í sáyà, mo ń dirun mi lọ. Ìlà mẹ́ta ni mo dì kó tó padà.”

Ṣọlágbadé ní kó di ìlà kan lójú òun. Ó wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́fà.

“Nígbà tó padà ńkọ́?”

“Ó ń mí gúlegúle. Mi ò gbọ́ ọ dáadáa, ọkùnrin tó ń fi gbohùngbohùn ta oògùn ìdun ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.”

Gbogbo ẹni tó bá ti wọkọ̀ ní Iyana-Iba mọ ọkùnrin yẹn. Ẹnu géètì ló máa ń wà láti àárọ̀ dalẹ́. Kì í dé Alaba.

Lọ́jọ́bọ̀, Ṣọlágbadé jókòó síwájú Làtífù.

“Oníbàárà tó pè wọlé dà? Ìpè kan ṣoṣo ló wà nínú fóònù rẹ.”

“Mo ti pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́, sà.”

“O pa nọ́ńbà oníbàárà rẹ́? Ìwọ, ará Alaba?”

Wọ́n lọ yẹ ọjà rẹ̀ wò. Fóònù Nàfísàt wà nínú gíláàsì, ó ti wọ̀ ọ́ ní awọ tuntun, ó ń tà á.

Ojú Làtífù gbẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fẹ́ẹ̀ jẹ́ pé inú rẹ̀ dùn bó ti ń rò ó. Lóṣù tó kọjá, ó pe Nàfísàt nígbà tí ọmọ náà ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nàfísàt rò pé òun kò gbé e. Ó ti gbé e, ó sì ti tẹ bọ́tìnnì tó ń da ìpè pọ̀. Làtífù wà láàárín wọn, wọn kò mọ̀.

“Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Pé mo gbé fóònù sétí lójú títì, mò ń bá òyìnbó Dubai sọ̀rọ̀, fóònù wá dún létí mi. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Mo kà á.”

Ó ní òun dọ́gbọ́n gba fóònù ọwọ́ rẹ̀, òun jáde, òun tì í mọ́lé, òun sì ti jẹnẹrétọ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Nàfísàt kanlẹ̀kùn títí. Jẹnẹrétọ̀ gbogbo ilé ló ń ké, ta ló máa gbọ́?

“Kí ló dé tó o fi pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀?”

“Kí òun náà dúró dè mí,” Làtífù ní, “nígbà tí àbúrò rẹ̀ ń kú lọ.”

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Ṣọlágbadé wọ yúnífọ́ọ̀mù tí wọ́n lọ̀ tó le gan-gan. Ó ròyìn ìlà irun mẹ́ta náà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn onísọ́ọ̀bù pàtẹ́wọ́. Àkànmú náà pàtẹ́wọ́, etí rẹ̀ kan wú. Alága ní iṣẹ́ di ti Ṣọlágbadé títí tó bá wù ú.

Ọmọbìnrin kan dìde lẹ́yìn. Ó ní Maimunat lorúkọ òun, akẹ́kọ̀ọ́ lòun. Lánàá ni wọ́n mú fóònù òun jáde fún òun láti inú dúrọ́ọ̀. Ẹlòmíràn ti bá òun tún un ṣe láàárọ̀ yìí, ó ti ń gba iná.

“Ẹ má bínú, sà. Ìpè kan wà nínú ẹ̀ tí kì í ṣe èmi ni mo pè é. Ìṣẹ́gun, agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Wọ́n gbé e. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló fi wà lórí ìlà, àfìgbà tí iná tán. Mi ò mọ ẹni tó ni nọ́ńbà náà.”

Alága ní kó pè é.

Ó tẹ̀ ẹ́. Fóònù Ọ̀gá Ṣọlágbadé ló dún.