Máa Mí, Má Mí

Omi ti dí Dùnmínínú létí nígbà tí ohùn Kóòṣì Akínbọ́lá dé láti bèbè adágún: "Dùnmí, má mí! Má mí!"

Ọ̀rọ̀ náà rú u lójú. Àyà rẹ̀ ti ń gbóná bí ẹni tó gbé ẹyin iná mì, kóòṣì sì tún ní kó má mí. Ó gbọ́ràn. Ó ń ju apá lọ, kò gbé orí, títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan ògiri. Nígbà tó yọ jáde, ojú rẹ̀ ń ṣú.

"Ṣé o ò gbọ́ mi ni?" kóòṣì bi í.

"Mo gbọ́, sà."

Kóòṣì mi orí, ó kọjú sí àwọn yòókù. Dùnmí ò mọ̀ bóyá òun ṣe é dáadáa ni, tàbí òun ò ṣe é tó.

Òtẹ́ẹ̀lì kan ní àdúgbò Adébáyọ̀ ló ń yọ̀ǹda adágún rẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ wọn ní ọ̀sán. Láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù ni kóòṣì ti ń kọ́ wọn láti fi èémí díẹ̀ lúwẹ̀ẹ́: kí wọ́n ju apá lẹ́ẹ̀mélòó kan kí wọ́n tó gbé orí mí. Ó ní kì í jẹ́ kí àárẹ̀ tètè mú eléré. Òfin rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dán an wò bí òun ò bá sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń sáré sọ̀rọ̀, omi sì máa ń gbé ìdajì ọ̀rọ̀ lọ.

Bí wọ́n ti ń nura, Moyinolúwa ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Dùnmí, èémí ẹ kúrú bí ìrù ewúrẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n á mú àwọn tó máa ṣojú Èkìtì o. Inú fóònù lo ti máa wò wá."

"Ẹnu tìẹ ni ò kúrú," Dùnmí dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ìlúwẹ̀ẹ́ nínú odò kan nítòsí Ìjàn. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, àìsàn èémí mú bàbá náà lọ. Níbi ibojì rẹ̀ ni Dùnmí ti ṣèlérí pé òun á lúwẹ̀ẹ́ fún Èkìtì, pẹ̀lú ẹ̀dọ̀fóró tí kò ní já òun kulẹ̀.

Nígbà tó délé, ó bi ìyá rẹ̀, tó ń kọ́ni ní Yorùbá ní Ìgèdè: "Mọ́mì, ṣé èèyàn lè fi àìmí kọ́ bí a ṣe ń mí?"

Ọwọ́ ìyá rẹ̀ dúró lórí ẹ̀wà tó ń ṣà. "Èmi ò mọ̀, ọmọ mi. Bàbá ẹ wá èémí tì kó tó lọ, n ò rí i pé ó fún un lágbára. Ṣùgbọ́n kóòṣì yín ló kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Bi í."

Kò bi í. Ojú ń tì í. Kóòṣì lè rò pé ẹ̀rù ló ń bà á.

Ní Sátidé, ó dé adágún ṣáájú kóòṣì. Moyin ti jókòó sí bèbè, ó ń tẹ fóònù.

"Kóòṣì ò tíì dé o," Moyin wí, kò gbójú sókè.

"Mo kàn fẹ́ fi omi tutù tura ni."

Ó rì sí ìsàlẹ̀, ó di àkàbà irin mú kó lè dán èémí rẹ̀ wò. Àyà rẹ̀ gbóná. Ó rántí ohùn náà: má mí. Ara rẹ̀ ní kó jáde, ohùn náà ní kó dúró, kò mọ èwo ni kí òun gbọ́. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ dákẹ́.

"Dùnmí, ó tó o," Moyin pè. "Dùnmí?" Nígbà tí kò rí i kó yọ, ó figbe ta. Kóòṣì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, bẹ́ sómi tòun ti bàtà. Ó gbé e jáde, ó tẹ̀ ẹ́ láyà, ó fẹ́ èémí sí i lẹ́nu. Ohun tí Dùnmí kọ́kọ́ gbọ́ ni: "Máa mí, ọmọ mi. Máa mí." Kò sí omi létí rẹ̀ mọ́.

Ní ilé ìwòsàn, ìyá rẹ̀ jókòó tì í, kóòṣì dúró níwájú ibùsùn.

"Kóòṣì, ẹ sọ pé kí n má mí."

"Èmi kẹ̀? Máa mí ni mo ń wí."

"'A' kan péré," ìyá rẹ̀ sọ, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Mo máa ń gba máàkì lọ́wọ́ àwọn ọmọ nítorí rẹ̀."

Kóòṣì sorí kọ́. "Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀, mà."

Wọ́n mú Moyin, wọn ò mú Dùnmí. Dókítà ní kò gbọdọ̀ wọ omi títí táàmù yóò fi parí. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ fẹ́ gbé àwọn tí wọ́n mú lọ díje, ó bi kóòṣì ní ìbéèrè tó ti ń dà á láàmú: "Sà, ṣé fífi èémí díẹ̀ lúwẹ̀ẹ́ ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́?"

Kóòṣì ronú. "Ẹ ń yára ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Bóyá ti èémí ni, bóyá torí pé ẹ ń lúwẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́ ni, n ò lè búra. Ohun tó dá mi lójú ni pé ẹni tó bá dá a ṣe lè kú." Ó na tówẹ̀lì pupa kan sí i. "Èyí ni mo ń gbé sókè báyìí bí mo bá fẹ́ kí wọ́n mí. N ò pariwo mọ́."

Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bí ọ̀rọ̀ àgbà bá rú ọmọ lójú, kó tún bi í. Ìtìjú kékeré sàn ju ẹkún ìyá lọ. Dùnmí juwọ́ sí ọkọ̀ náà títí ó fi pòórá. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́wọ́ lé àyà, ó rọra mí.