Ilé Onítáyà

Ìdérí ìkòkò ló kọ́kọ́ yí wọ inú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan, ó ń pariwo lórí sìmẹ́ǹtì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkùnrin gíga kan bẹ́ wọlé, tó ń lé e bí ẹni ń lé adìyẹ, ìrẹsì tútù sì fọ́n sí gbogbo irun orí rẹ̀.

"Ẹ má bínú, àǹtí. Kọ́bọ́ọ̀dù mi ló já."

Télọ̀ yọjú síta. Bọ́ọ̀sì àtijọ́ kan dúró lẹ́bàá títì, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, ṣíbí àti abọ́ sì kún ojú ọ̀nà. Inú bọ́ọ̀sì yìí ni ọkùnrin náà ń gbé. Ibẹ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ ló ti ń dáná, òun náà ló sì ń wà kiri láti tún ẹ̀rọ omi ṣe. Ìgbín ni wọ́n ń pè é.

Télọ̀ gòkè sínú ọkọ̀, ó fọwọ́ kan ibi tí síkúrù ti ya ògiri, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Páànù lásán lẹ de kọ́bọ́ọ̀dù ńlá mọ́? Ta ló ń rán bọ́tìnnì kóòtù mọ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láìfi nǹkan tì í lẹ́yìn?"

Ìgbín tẹjú mọ́ ọn. "Àǹtí, ó jọ pé ẹ̀yin ni mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí."

"Ẹ kọ́kọ́ wá ṣíbí yín ná."

Iṣẹ́ tó gbé e wá sí ìlú parí, Ìgbín ò lọ. Nírọ̀lẹ́, àwọn méjèèjì á máa kan ògiri náà kọ́kọ́kọ́. Ibi tó bá dún bí agolo òfìfo, páànù ni. Ibi tó bá dún kì, egungun irin ọkọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n gbé pákó láti irin kan dé èkejì, wọ́n fi gúlúù àti síkúrù dè é, wọ́n wá gbé kọ́bọ́ọ̀dù kọ́ ara pákó. Ẹrù tó wúwo ń bẹ nísàlẹ̀, èyí tó fúyẹ́ lókè, etí ṣẹ́lífù kọ̀ọ̀kan sì ní ìdènà kí abọ́ má baà fò bọ́. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, "ẹ̀yin" di "ìwọ". Ọwọ́ pàdé ọwọ́ lórí síkúrù kan, kò sí ẹni tó fa tirẹ̀ sẹ́yìn.

"Kí lo fẹ́ gbé kọ́ ògiri tó ṣófo yìí?" ni télọ̀ bi í.

"Tábìlì tó ṣeé ká, tí a ó de máṣíìnì rẹ mọ́. Bí o bá gbà láti fẹ́ mi."

Bàbá télọ̀ gbọ́ pé ó gbà, ó gbaná jẹ. Bíríkìlà ni. "Èmi tí mo ń kọ́lé fọ́mọ aráyé, inú agolo ni ọmọ tèmi á máa sùn? Ilé tí ò ní ìpìlẹ̀! Bí máṣíìnì yẹn bá kúrò ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé mi yìí, má padà wá."

"Bàbá, mi ò rí yín fín. Ṣùgbọ́n èmi ni mo máa gbé inú ilé náà, ẹ̀yin kọ́."

Ìgbín yíjú sí télọ̀. "Olólùfẹ́ mi, jẹ́ kí n ta bọ́ọ̀sì yìí, kí n gba yàrá."

"Ta kí ni? Ilé mi lo fẹ́ tà yẹn!"

Lọ́sàn-án gangan, lójú bàbá àti gbogbo ará àdúgbò, télọ̀ gbé máṣíìnì rẹ̀ jáde. Kò wẹ̀yìn. Ó wọnú ọkọ̀, ó lu ihò, ó de tábìlì mọ́ ògiri fúnra rẹ̀, ó sì mú un le dáadáa.

Bàbá ò lè mú un mọ́ra. Ó gòkè wá, ó rọ̀ mọ́ tábìlì náà, ó fi gbogbo agbára mì í. Kò mì.

"Wà á!" ló pàṣẹ fún Ìgbín.

Wọ́n wà á gba ọ̀nà tó kún fún kòtò jù lọ. Bàbá dúró ṣinṣin, ó ranjú mọ́ àwọn abọ́ bí ọlọ́pàá. Ṣíbí kan ò bọ́.

"Síbẹ̀, ilé kọ́ nìyí," ló wí nígbà tí wọ́n padà délé, tó sì sọ̀.

"Ilé ni, Bàbá. Tiwa ni."

Ó wo ọmọ rẹ̀ títí. "Orí kunkun yìí, ọ̀dọ̀ ta lo ti rí i gan-an?"

"Ẹ tún ń bèèrè?" ni ìyá télọ̀ dáhùn láti ẹnu ọ̀nà ilé. Bàbá fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bá a.

Kóòtù ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Bàbá fọwọ́ sí ìwé, ó rojú koko, ṣùgbọ́n òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn bọ́ọ̀sì fún ọmọ rẹ̀.

"Ìyàwó mi," ni Ìgbín wí, bó ti ń ṣíná sí ọkọ̀, "ibo la ó kọ́kọ́ lọ?"

"Ibi tí wọ́n bá ní a ò lè dé."