Oǹdè Ìbàdí Àkànmú

Ní ìlú Ajá létí ọ̀sà, ní ọdún 1984, ta ni kò mọ Odùbánjọ apẹja? Àwọ̀n rẹ̀ pọ̀, ẹnu rẹ̀ sì pọ̀ ju àwọ̀n rẹ̀ lọ. Bí o bá dárúkọ Jésù létí rẹ̀, yóò rẹ́rìn-ín, yóò gbá oǹdè, oògùn ìṣọ́ra tó wà ní ìbàdí rẹ̀, yóò ní, "Èyí ni mo mọ̀."

Nígbà tí ẹpọ̀n Àkànmú, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí, bẹ̀rẹ̀ sí í wú lápá kan, Modúpẹ́ ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n gbé ọmọ lọ sí ọsibítù.

"Ìpá ni," ni Odùbánjọ wí. "Bàbá mi ní in, bàbá wọn náà ní in. Ìgbà wo ni ìpá pa ọmọ ilé wa rí?"

Ó so oǹdè mọ́ ìbàdí ọmọ ọdún mẹ́ta náà, ó sì kìlọ̀ pé ẹni tó so ó nìkan ló gbọ́dọ̀ tú u.

Òjò rọ̀, òjò dá, ẹpọ̀n ọmọ le bí èkùrọ́. Ọ̀rẹ́ Odùbánjọ kan tó ń jẹ́ Dúró, tó ti gba Jésù gbọ́, kò jẹ́ kó sinmi títí wọ́n fi gbé ọmọ lọ sí Èkó.

Dókítà pa iná yàrá, ó tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn ibi tó wú náà. "Tó bá jẹ́ omi ló wà níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á là á kọjá." Ìmọ́lẹ̀ kò kọjá. Ó ní kí wọ́n gbé e lọ síbi ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara.

Obìnrin tó ń lo ẹ̀rọ náà ní kí wọ́n tú oǹdè kúrò, kí òun lè yẹ ikùn wò. Modúpẹ́ ò jẹ́ fọwọ́ kàn án. Ọkọ rẹ̀ ló ń wò. Odùbánjọ fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ tó ń fa àwọ̀n nínú ìjì tú okùn náà.

Lójú ẹ̀rọ, omi kọ́ ni wọ́n rí. Kókó ni, òmíràn sì ti ń yọ nínú ikùn.

"Bàbá, jẹjẹrẹ ni," ni dókítà wí. "A máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ṣùgbọ́n ẹ pẹ́ kí ẹ tó gbé e wá."

Odùbánjọ jókòó sórí sìmẹ́ńtì níta, Dúró tó bá wọn wá jókòó tì í. Kò sí ohun kan tó lè ṣe, ó sì dùn ún wọ egungun.

"Dúró, ọwọ́ ara mi ni mo fi pa ọmọ mi lára."

"Ké pe Jésù, ọ̀rẹ́ mi."

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá a sọ̀rọ̀."

"Bí o ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ yìí náà ni."

Ó kúnlẹ̀ lójú gbogbo èrò. "Jésù, ṣàánú ọmọ mi. Ṣàánú èmi náà. Agbéraga ni mí. Mo fi ara mi lé ọ lọ́wọ́."

Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà tán, kò tíì sí ẹni tó lè sọ bí yóò ti rí. Odùbánjọ jókòó ti bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀, ẹ̀rù ṣì ń bà á, ṣùgbọ́n kò dá wà mọ́.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí ńkọ́? Ẹ̀ṣẹ̀ tí o sọ pé kò tó nǹkan, tí o sọ pé àwọn baba rẹ náà dá a, ṣé o mọ ibi tó ti dé nínú rẹ? Ọlọ́run mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ ó rán Jésù láti kú nítorí rẹ. Odùbánjọ ì bá fi gbogbo àwọ̀n rẹ̀ ra oṣù kan ṣoṣo padà, kò rí i rà. Ìwọ ṣì ní òní. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yẹn, kí o ké pe Jésù.