Ìwé Tí Mo Fi Ń Jí Ẹ̀rọ

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ bi Kouboura ẹlẹ́ja. Ẹja tó dì lọ́jọ́ náà, èmi Moumouni jẹ nínú rẹ̀, egungun rẹ̀ sì há mi lọ́fun.

Ilé yìnyín ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Ouando, nígbà tí àwọn ológun gbàjọba tí wọ́n ní ohun gbogbo ti yí padà. Iṣẹ́ mi kò ju kí n jí ẹ̀rọ láràárọ̀ lọ. Ẹ̀rọ ńlá kan tó wà lórí pèpéle ló ń fi ọ̀já rọ́bà fún mẹ́ta mìíràn lágbára: ẹ̀rọ omi ló ń ṣáájú, abẹ̀bẹ̀ onírin tẹ̀ lé e, èyí tó ń sọ omi di yìnyín ló kẹ́yìn. Bí o bá ṣi ètò yìí, omi lásán lo máa tà.

Octave, ọmọ Àgùdà, ló kọ́ mi níṣẹ́ náà kó tó kú. Kì í fọwọ́ kan ẹ̀rọ láìkí i. Yóò kan ìhà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: kó, kó, kó. Yóò ní, "Ẹ kú àárọ̀, Bàbá." Lẹ́yìn náà ni yóò tó fi irin yí i. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí n kò bá kí i, kì í jí.

Lọ́dún tí wọ́n yí orúkọ orílẹ̀-èdè wa padà, ìjọba fi ẹ̀rọ tuntun ránṣẹ́. Bọ́tìnì ni wọ́n ń tẹ̀ lára tirẹ̀. Mo kí i bí mo ṣe ń kí ti àtijọ́. Ó dákẹ́ bí òkúta. Inú bí mi, mo na ìkúùkù sókè, mo ké ohun tí gbogbo ìlú ń ké nígbà náà lédè Fọ̀n, pé nǹkan ti yí padà: "Ehuzu!" Mo tẹ bọ́tìnì. Ó jí.

Ọ̀sẹ̀ kan ni ti àtijọ́ ń ṣiṣẹ́, ọ̀sẹ̀ kan ni ti tuntun, kí wọ́n lè máa sinmi. Ibẹ̀ ni orí mi ti dàrú. Mo ń ké Ehuzu sí Bàbá, ó ń wúkọ́ èéfín sí mi lójú. Ẹja tí Kouboura kó láti Sèmè-Kpodji bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan. Ó ru ú wá bá mi tòórùn-tòórùn.

"Moumouni, ṣé ìwọ lo máa jẹ ẹ́?"

Célestin, tó jẹ́ delegé, aṣojú ìjọba tuntun ládùúgbò wa, pè mí. "Kámárádì, tó bá tún bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ nìyẹn."

Ọmọ márùn-ún ni mo bí. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Mo jókòó, mo kọ ìwé kan ṣoṣo tí yóò bá ẹ̀rọ méjèèjì mu. Kọ́kọ́ wo ẹni tó wà lórí pèpéle. Bó bá jẹ́ ti àtijọ́, kan ìhà rẹ̀, kí i ní ẹ kú àárọ̀. Bó bá jẹ́ tuntun, na ìkúùkù, ké Ehuzu. Octave máa ń sọ pé ìwé iṣẹ́ kò gbọdọ̀ já ẹnikẹ́ni jù sílẹ̀ lójú ọ̀nà, nítorí náà mo fi ìlà kan sí ìsàlẹ̀: bí o kò bá mọ ẹni tó ń ṣe olórí níbí, béèrè. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Oṣù méjì ni gbogbo nǹkan fi lọ déédéé. Ó di Ọjọ́rú kan, lọ́sàn-án gangan. Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ àtijọ́ lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ ní Adjarra. Ikùn ti tuntun jó láàárọ̀ ọjọ́ náà, a wọ́ ọ jù síta. Pèpéle ṣófo. Kouboura ti gbé agbọ̀n ẹja mẹ́fà kalẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni Célestin wọlé.

"Ṣebí ìwé rẹ bá gbogbo ẹ̀rọ mu?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Kámárádì. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ."

"Ṣé ìwé sọ bẹ́ẹ̀?"

"Rárá o."

"Kà á."

Mo kà á. Ṣé ti àtijọ́ ni? Rárá. Ṣé tuntun ni? Rárá. Mo dé ìlà ìsàlẹ̀, mo ka òun náà.

"Béèrè," ni Célestin wí.

"Ẹ̀yin lọ̀gá. Ẹ bá mi béèrè."

Ó wúkọ́. Ó kọjú sí pèpéle òfìfo. "Ta ni olórí níbí?"

Ọjà Ouando tó wà lẹ́yìn ògiri dákẹ́. N kò rí i kí ọjà yẹn dákẹ́ rí. Eṣinṣin orí ẹja kò kùn mọ́. Òórùn gasoìlì tí ẹ̀rọ ń mu rọra wọlé, irú èyí tó máa ń wà lára aṣọ Octave.

Kó. Kó. Kó.

Orí pèpéle ló ti wá. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nínú páìpù. Abẹ̀bẹ̀ yí. Ẹ̀rọ yìnyín gbọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n tò tẹ̀ léra wọn bí Octave ṣe kọ́ mi. Ọ̀já rọ́bà ń yí, apá kan rẹ̀ kò sì so mọ́ nǹkan kan.

Célestin gbé ìkúùkù sókè díẹ̀. "Ehuzu?"

Ó ṣí fìlà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú omi ẹja.

"Ẹ kú ọ̀sán, Bàbá."

Kouboura gbé agbọ̀n rẹ̀. "Delegé, ẹ dákun ẹ sún. Ẹ jẹ́ n gba yìnyín mi."

Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, a fẹ́ pa ẹ̀rọ náà. Kò sí bọ́tìnì, kò sí irin. A gé ọ̀já, ó ń ṣiṣẹ́ lọ. Célestin gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó yẹ iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

"Ibo lo kọ bí a ṣe ń pa á sí?"

N kò kọ ọ́. Octave náà kò kọ ọ́ rí. Gasoìlì ló máa ń tán nínú tirẹ̀ tí yóò fi dákẹ́.

Célestin bá kọ àṣẹ, ó lù ú lóǹtẹ̀: ẹni tó jí i ni yóò máa ṣọ́ ọ títí yóò fi dákẹ́. Èmi tí mo ń bẹ̀rù kí wọ́n má lé mi! Célestin ti kú. Ìjọba Ehuzu fúnra rẹ̀ ti kógbá wọlé. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kọ̀wé pé ó ti rẹ̀ mí, kí wọ́n jẹ́ kí n lọ sinmi. Ìdáhùn kan náà ni wọ́n ń fún mi: ṣé ẹ̀rọ náà ti dákẹ́?

Mo ti darúgbó. Mo máa ń tòògbé lórí àga mi, níwájú pèpéle òfìfo yẹn. Bí mo bá ti tòògbé, nǹkan kan yóò kan ìhà mi lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo máa ń jí.