Ta Ló Ń Pè Mí Ní Ìyàwó?

Omi òjò ń ro tótó lára obìnrin náà nígbà tí káfíńtà ṣílẹ̀kùn fún un lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àpótí lórí, bàtà lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì ni, yàrá tí káfíńtà fẹ́ fi háyà ló wá wò. Dípò kí ọ̀gbẹ́ni yìí béèrè ẹni tó máa dúró fún un, táwẹ̀lì ló sáré lọ mú wá.

"Yàrá kan tiyín, ọ̀kan tèmi, kíṣìnnì tiwa méjèèjì," ló wí.

Ohun tí kò sọ ni pé inú yàrá yẹn ni ìyá òun kú sí lọ́dún tó kọjá. Ó ní tóun bá sọ ọ́, ta ló máa gbà á? Àbòsí nìyẹn, ẹ má jẹ́ ká fi orúkọ míì pè é.

Alẹ́ ni nọ́ọ̀sì ń ṣiṣẹ́, ọ̀sán ló ń sùn. Bí oorun bá ti fẹ́ gbé e lọ, ohùn jẹ́jẹ́ kan á pè é: "Ìyàwó, o ti dé?" Káfíńtà ló ń fá pákó lẹ́yìn ògiri, nítorí náà ó gbà pé òun ni. Nọ́ọ̀sì á rẹ́rìn-ín sínú ìrọ̀rí. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà di ìrònú, ó lọ bá a nídìí iṣẹ́.

"Bọ̀ọ̀dá, orúkọ tẹ́ ẹ ń pè mí yẹn dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ nilé. Tí mo bá ní mi ò fẹ́ yín, ibo ni mo máa sùn lọ́la?"

"Orúkọ wo, Sìstá?"

"Ìyàwó."

Ayùn bọ́ lọ́wọ́ káfíńtà. "Mi ò pè yín bẹ́ẹ̀ rí."

Nínú yàrá tí kò sẹ́nì kankan, bẹ́ẹ̀dì dún, bíi pé ẹnì kan yíra padà.

Káfíńtà ì bá ti sọ pé eku ni. Ìfẹ́ tó ní sí i ni kò jẹ́ kó purọ́. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, pé inú yàrá yẹn ni màmá òun kú sí, ohùn wọn sì nìyẹn.

"Òkú ò bà mí lẹ́rù, iṣẹ́ mi ni," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ̀yin lẹ bà mí lẹ́rù. Ẹ mọ̀, ẹ wá jẹ́ kí n máa sùn síbẹ̀."

Nọ́ọ̀sì kó jáde lọ́jọ́ kejì. Káfíńtà fúnra ẹ̀ ló gbé àpótí, kò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Kò fi yàrá náà háyà mọ́. Lójoojúmọ́ ni ohùn yẹn ń bi í: "Ìyàwó dà?"

Ní oṣù kẹta, ó lọ kan ilẹ̀kùn nọ́ọ̀sì nílé tuntun, ó sì fẹ̀yìn rìn dé àtẹ̀gùn kó tó sọ̀rọ̀.

"Sìstá, mo fẹ́ fẹ́ yín. Mi ò lè sọ ọ́ nílé mi, torí ẹ ò lè lé mi jáde níbẹ̀. Níbí, ẹ̀yin lẹ ni kọ́kọ́rọ́."

"Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n ń béèrè yín. Mo ti sọ fún wọn pé ẹ lè má wá."

Nọ́ọ̀sì di ilẹ̀kùn mú. Ó jẹ́ kó dúró pẹ́ níbẹ̀, ó sì tọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló ṣí i sílẹ̀ gbayawu.

"Wọlé, ọkọ mi," ló wí. "Èmi ni mo pè ọ́ bẹ́ẹ̀ o. Kì í ṣe Màmá."