Ìlà Tó Gba Orí Orúkọ Bàbá Mi

Èrò kún ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ bámúbámú lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Àwọn tíṣà tuntun ń dúró de ìwé tí yóò sọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbé wọn lọ, wọ́n sì ń ti ara wọn síwá sẹ́yìn. Ní tèmi, pírńtà tó bàjẹ́ ni wọ́n ní kí n wá tún ṣe. Mo gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká, mò ń wá ibi tí mo lè gbà kọjá.

Bí mo ṣe gbójú sókè báyìí, ojú wa ṣe mẹ́rin.

Ó jókòó sẹ́yìn tábìlì, kọ̀ǹpútà níwájú rẹ̀. Obìnrin kan dúró lé e lórí, ó ń ju ìwé kan fìrìfìrì níwájú rẹ̀. "Akọ̀wé, kí lèyí? Gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé mi ló fẹ̀gbẹ́ kan dúró bí ọ̀mùtí."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó kàn ń wò mí láàárín gbogbo èrò yẹn bí ẹni pé èmi nìkan ló wà níbẹ̀, bí ẹni ń sọ pé, ìwọ náà ti wá rí ayé mi báyìí. Ọkàn mi fò fẹ̀rẹ̀.

Ogún ìṣẹ́jú ni mo fi tún pírńtà ṣe. Ó yẹ kí n máa lọ. Mi ò lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo kíbọ́ọ̀dù yín," mo ní.

"Kò bàjẹ́," ó dáhùn. "Èmi ni mo bàjẹ́."

"Èèyàn kì í bàjẹ́ bí ẹ̀rọ. Ẹ tẹ nǹkan kí n rí i."

Ó gbé ọwọ́ lé e. Ìgbà náà ni mo rí i pé ìka méjì tó kẹ́yìn ní ọwọ́ òsì rẹ̀ ti ká wọnú. Wọn ò ṣe é nà, wọn ò ṣe é gbé. Alùpùpù ló gbá a ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọwọ́ òsì ọ̀hún ló sì fi ń kọ̀wé láti kékeré. Látìgbà náà, kíbọ́ọ̀dù ni bírò rẹ̀.

Ohun tó ń dà á láàmú kò lọ́jú pọ̀. Bọ́tìnì kan wà ní igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, kọ́ńtróòlù là ń pè é. Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́tìnì mìíràn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ló kọ mọ́, àṣẹ ló pa. Ọ̀rọ̀ á nípọn, á fẹ̀gbẹ́, ìlà á gba abẹ́ rẹ̀, bọ́tìnì mìíràn sì wà tí yóò mú kí ìlà gba orí rẹ̀ kọjá. Orí kọ́ńtróòlù yẹn gan-an sì ni ìka méjì wọ̀nyẹn ń sùn lé.

"Ìka yín ò ṣẹ̀," mo ní. "Ibi tó sùn sí ni kò dáa."

Ìgbà yẹn ló tó rẹ́rìn-ín. "Ṣé Atúnṣe lè tẹ́ ibùsùn mìíràn fún un ni?"

"Ẹ fún mi lọ́jọ́ díẹ̀."

Ọjọ́ díẹ̀ yẹn di oṣù mẹ́rin. Mi ò ní purọ́, iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kánjú kúrò níbi tó dùn? Lójoojúmọ́ ni mo ń rí nǹkan kan tó yẹ kí n yẹ̀ wò ní ọ́fíìsì wọn. Lọ́sàn-án, a ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì abẹ́ àtẹ̀gùn, a ó pín búrẹ́dì jẹ. Nígbà tó yá, "ẹ" di "o" láàárín wa. Nígbà tó tún yá, "Atúnṣe" di "Atúnṣe mi".

"Olólùfẹ́ mi," ó ní lọ́jọ́ kan, búrẹ́dì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, "mo fẹ́ kó o máa tún ayé mi ṣe títí a ó fi darúgbó."

"Gbé búrẹ́dì mì ná," mo ní, omijé ti ń bọ́ lójú mi. "Lẹ́yìn náà, kó o wá rí bàbá mi."

Gbogbo àdúgbò ló mọ bàbá mi sí Tíṣà Àgbà. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n bírò pupa kò kúrò lápò rẹ̀. Ìwé tí màmá mi fi ń kọ ohun tó fẹ́ rà lọ́jà pàápàá, á máàkì í. Màmá mi á ní, "Bàbá, iyọ̀ ni mo kọ. Ẹ jẹ́ kí iyọ̀ sinmi."

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni olólùfẹ́ mi wá. Ó tẹríba, ó kí wọn dáadáa, ó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n kọ́ tó gbẹ̀kọ́. Inú bàbá mi ń dùn sí i bọ̀. Ó tiẹ̀ ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní bí mo bá tún rédíò ẹni ṣe, ẹni náà á ní ìṣó mẹ́ta tó ṣẹ́kù lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló bi í pé, "Níbo lo ti ń ṣiṣẹ́?"

"Ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, sà. Èmi ni mò ń tẹ gbogbo ìwé tó ń jáde níbẹ̀."

Ẹ̀rín kúrò lójú bàbá mi. Ó dìde, ó ṣí dúróà, ó mú àpòòwé aláwọ̀ ilẹ̀ kan jáde. Ó ti lé lọ́dún kan tí àpòòwé yẹn ti wà níbẹ̀. Màmá mi ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ìwé ìdúpẹ́ ni, tí ọ́fíìsì kọ sí i nígbà tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dùn. Àmọ́ lókè níbẹ̀, ìlà kan gba àárín orúkọ bàbá mi kọjá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi pe orúkọ ọmọ nínú rẹ́jísítà," bàbá mi ní. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Orúkọ ọmọ tó kúrò nílé-ẹ̀kọ́ là ń fa ìlà sí, àti ti ọmọ tó kú. Èmi wá jókòó síbí, mo ṣì ń mí. Ta ló tẹ ìwé yìí?"

Olólùfẹ́ mi lè dákẹ́. Ó lè ní òun ò mọ̀. Mo ń fojú bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́.

"Èmi ni, sà." Ó mú ọwọ́ òsì rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìn. "Ọwọ́ yìí ló ṣe é, ọkàn mi ò sí níbẹ̀. Mi ò tiẹ̀ rí i kó tó jáde. Ẹ forí jì mí, sà."

Bàbá mi wo ọwọ́ náà pẹ́. Ojú àánú ló fi wò ó, mo rí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára jù.

"Mo gbọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè kọ orúkọ mi kó pé, báwo ni n ó ṣe gbé ọmọ mi lé e lọ́wọ́?" Ó wọ yàrá lọ.

Màmá mi ló sin olólùfẹ́ mi dé ẹnu ọ̀nà. "Àna mi, má jẹ́ kó dùn ọ́. Tíṣà ni. Ẹni tó bá gba òdo lọ́wọ́ rẹ̀, kì í lé e, àtúnṣe ló máa ń fún un. Màá bá a sọ ọ́."

Mo gbọ́ "àna mi" yẹn. Òun ló jẹ́ kí n lè sùn.

Nígbà tó di àárọ̀, màmá mi mú èsì wá. Kí ọmọkùnrin náà kọ lẹ́tà tí yóò fi tọrọ mi, odidi ojú ìwé kan, kó sì dá tẹ̀ ẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ràn án lọ́wọ́. "Bàbá rẹ ní bí ó bá dé tìlà-tìlà, kó má dé mọ́."

Mo sáré lọ bá a. "Jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́. Ta ni yóò mọ̀?"

"Bí o bá bá mi tẹ̀ ẹ́," ó ní, "ìwọ lo tọrọ ara rẹ nìyẹn."

Nítorí náà, mo gbájú mọ́ ohun tí mo lè ṣe. Mo wọ inú ètò ìkọ̀wé orí kọ̀ǹpútà rẹ̀, mo ń tú àwọn àṣẹ wọ̀nyẹn kúrò lára bọ́tìnì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí, mo wọn kíbọ́ọ̀dù náà, mo gé ìdérí ike kan, mo dá ihò sí i lórí bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan, kí ìka tó bá fẹ́ sùn lè sùn sórí ike. Mo rò pé mo ti parí iṣẹ́.

Ó tẹ lẹ́tà náà dé ìdajì. Lójijì gbogbo ọ̀rọ̀ ṣú, ó tún tẹ bọ́tìnì kan, ojú ìwé sì funfun báláú. Mo ti gbàgbé láti tú àṣẹ tó ń mú gbogbo ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìka rẹ̀ sì ti rì sínú ihò lọ bá kọ́ńtróòlù. Mo dá ọ̀rọ̀ náà padà ní kíá, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́wọ́ kúrò.

"Bóyá bàbá rẹ ló tọ̀nà, Atúnṣe mi."

Ó dùn mí dé eegun. Mo mú ọwọ́ òsì náà. Lóṣù mẹ́rin, mi ò tíì dì í mú rí. Ó máa ń fi í pamọ́ fún èmi náà. Àwọn ìka méjì yẹn lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n sì kéré ju bí mo ṣe rò lọ. Ibẹ̀ ni mo ti rí àṣìṣe mi.

"Olólùfẹ́, èmi ni mo gbòdo," mo ní. "Kíbọ́ọ̀dù ni mo wọ̀n. Mi ò wọn ọwọ́."

Mo tẹ́ ìwé sórí tábìlì, mo gbé ọwọ́ rẹ̀ lé e, mo fi pẹ́ńsùlù tọ etí rẹ̀ yípo bíi télọ̀. Ó ń rìn ín ní ìgáàkẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo tú àṣẹ tó kù. Mo gé ìdérí mìíràn: n kò dá ihò kankan sórí kọ́ńtróòlù, mo sì lẹ fóòmù kékeré kan síbẹ̀, ibùsùn ìka méjì.

Mo wá jáde, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, bàbá mi jókòó, bírò pupa lọ́wọ́. Olólùfẹ́ mi fi ọwọ́ ọ̀tún na ìwé náà sí i. Bàbá mi kò kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ kankan. Orúkọ ara rẹ̀ ló wá lọ. Ó fi ìka tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó mọ́ tónítóní.

Ó wá ń kà á, bírò ń tẹ̀ lé e lọ sílẹ̀. Ó dúró.

"Ọ̀rọ̀ méjì yìí nípọn ju àwọn tó kù lọ. 'Ọmọ yín.' Ṣé ìka yẹn náà ni?"

Mo sún mọ́ ìwé náà kí n rí i.

"Rárá, sà. Ìyẹn, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ó sì pẹ́ kí n tó rí ọ̀nà débẹ̀, torí Atúnṣe ti ti gbogbo ilẹ̀kùn pa."

Màmá mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá mi yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún nù ún. Ó wá ki bírò pupa bọ àpò láì fi kan ìwé náà. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó ṣí dúróà, ó mú àpòòwé aláwọ̀ ilẹ̀ yẹn jáde.

"Gbà. Ìwé rẹ ni. Mo ti ní èyí tó pé."

Olólùfẹ́ mi yára na ọwọ́ ọ̀tún. Bàbá mi fa àpòòwé náà sẹ́yìn.

"Ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ ni kó gbà á," ó ní.

Olólùfẹ́ mi mú ọwọ́ òsì jáde láti ẹ̀yìn, díẹ̀díẹ̀, bàbá mi sì rọra gbé ìwé náà lé e.